Nọ́ńbà Ara Díìsìkì

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọ̀kan nínú yín tí ó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà mú díìsìkì tí wọ́n fi ń gé irin wá sí kíláàsì. Ó ní kí a gbọ́ bí òun ti ń ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Ó kà á: 6,600. Kò ṣì í kà. Inú wa dùn púpọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Òun ni pé díìsìkì náà kò gbọdọ̀ yí ju ìgbà 6,600 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè fọ́.

Kí ni yóò fọ́ ọ? Ẹ̀yin tí ẹ ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko rí, ẹ mọ̀ pé bí ẹ ti ń fì í ni òkúta inú rẹ̀ ń fa ọwọ́ yín. Òkúta fẹ́ lọ, okùn ni kò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gbogbo ara díìsìkì ṣe ń fẹ́ sá kúrò láàárín. Líle ara rẹ̀ nìkan ni ó dì í mú. Bí eré náà bá di ìlọ́po méjì, fífà náà kì í ṣe ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni!

Sídíì orin pàápàá kò yàtọ̀. Nínú ẹ̀rọ orin, ìgbà 500 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan bí eré rẹ̀ bá pọ̀ jù, kò séwu. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan wà tí ń yí i tó ìgbà 10,000. Etí rẹ̀ a máa sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Mọ́tò wo ni yóò bá a? Àwọn tí ó ti sán díẹ̀ lẹ́bàá ihò àárín, níbi tí fífà ti pọ̀ jù, ti fọ́ yángá nínú ẹ̀rọ rí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ti wẹ́dà. Díìsìkì 6,600 yìí, ńlá ni, 230 mìlímítà láti etí dé etí. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀rọ kékeré a máa yí tó ìgbà 11,000. Ihò àárín díìsìkì ńlá àti ti kékeré sì bára mu, ìyẹn ni ó ń tan ènìyàn. Wọn a yọ irin tí ó bo díìsìkì kúrò lára ẹ̀rọ kékeré, kí ńlá lè wọ̀ ọ́. Fífà náà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Bí ó bá fọ́ níbẹ̀, kò sí ohun tí yóò gba àfọ́kù rẹ̀ dúró, àfi ojú tàbí ọrùn ẹni tí ó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Nítorí náà nọ́ńbà méjì ni kí ẹ kà, ti díìsìkì àti ti ẹ̀rọ. Bí ti díìsìkì bá kéré sí ti ẹ̀rọ, ẹ má so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rẹ́ wa gbọ́ èyí, ó lọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. A nu epo kúrò lára rẹ̀, a jọ kà á: 11,000. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ọmọ-iṣẹ́ òun ni ó fi í gé irin géètì láti àárọ̀.