Dúróònù Lórí Pápá Ọdún



Dúróònù, kámẹ́rà tó ń fò, ti di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Àwòrán rẹ̀ dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2015, ní Madonna di Campiglio ní Ítálì, Marcel Hirscher, ọmọ Ọ́sítíríà, ń fi pátákó méjì yọ̀ sọ̀kalẹ̀ òkè yìnyín níbi ìdíje. Dúróònù tó ń yà á fún tẹlifíṣọ̀n já lulẹ̀, ó fọ́ yángá lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Díẹ̀ ló kù kó bà á lórí! Hirscher kò dúró, ipò kejì ló gbà. Àwọn alákòóso ìdíje ní àwọn ti kìlọ̀ fún awakọ̀ dúróònù náà kó má fò lórí ẹni tó ń sáré.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí òkè yẹn o. Níbi ọdún ìbílẹ̀ ńkọ́? Onílù, oníjó, ìyá tó pọn ọmọ, àwọn ọmọdé tó ń sá tẹ̀lé ìlù: ta ni yóò já lé? Abẹ rẹ̀ ń yí kíkankíkan. Enrique Iglesias olórin nawọ́ mú un lórí ìtàgé ní Tijuana, Mẹ́síkò, lọ́dún 2015 kan náà, ó gé e níka.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e fò, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ àwọn àgbà àti aláṣẹ. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni kó ti yàwòrán, kì í ṣe orí èrò. Igbó awo ńkọ́? Kó má tilẹ̀ dé ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le, tàbí tí bátìrì ń lọ sílẹ̀, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá.