“A Kò Rí I”: Iṣẹ́ Àwa Tó Ń Wá Àrùn Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ Nínú Ìgbẹ́ Ọmọdé

 

Ìgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí lónìí, ìgbẹ́ ọmọdé tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé rọ. Inú rẹ̀ ni a ti ń wá fáírọ́ọ̀sì tó ń fa rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, ọ̀kan ní Ìbàdàn, èkejì ní Maiduguri. Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé ẹnì kan jẹ́ onímọ̀ àgbà ní irú ibẹ̀, wọ́n á rò pé àrùn tuntun ló ń rí lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìwé àbájáde tí irú wa ń buwọ́ lù, èyí tó pọ̀ jù ló wí pé: a kò rí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí mo gbà pé kò sí ohun tó ṣòro láti sọ pẹ̀lú ìdánilójú tó o.

Bí apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá rọ lójijì, ohunkóhun tí ì báà fà á, ìlànà ni pé kí òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kéré tán, wákàtí 24 gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì, kí ọjọ́ 14 tó kọjá lẹ́yìn tí ara ọmọ náà rọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń bá ìgbẹ́ jáde. Ó lè wà nínú tòní kó má sí nínú tọ̀la. Inú kúlà oníyìnyín ni ìgbẹ́ náà ń gbé rìn, ní ìwọ̀n òtútù 2 sí 8, ó sì yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wo ọ̀nà wa, ẹ wo ọkọ̀ wa, ẹ wo oòrùn wa, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Bó bá dé, a ó ṣí kúlà náà, a ó wò ó bóyá yìnyín ṣì wà níbẹ̀. Gíráàmù 2 ni a ń wọ̀n sínú ìgò ike pẹ̀lú omi iyọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ àti kúlórófọ́ọ̀mù díẹ̀. A ó gbọ̀n ọ́n fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á yí i kíákíá fún ogún ìṣẹ́jú mìíràn. Kúlórófọ́ọ̀mù ń pa kòkòrò bakitéríà àti olú, ṣùgbọ́n kì í ran rọmọlápá, nítorí fáírọ́ọ̀sì yìí kò ní awọ ọlọ́ràá tí oògùn náà lè bó. Omi mímọ́ tó tòrò sókè ni a ń fà, ìwọ̀nba ẹ̀kán díẹ̀ ni a sì ń kán sórí sẹ́ẹ̀lì.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni a ń lò. Orúkọ èkíní ni RD, láti ara jẹjẹrẹ iṣan ọmọ èèyàn ló ti wá. Èkejì ni L20B, sẹ́ẹ̀lì eku ni. Rọmọlápá kò lè wọ sẹ́ẹ̀lì eku bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti fi ilẹ̀kùn tí fáírọ́ọ̀sì náà ń gbà wọ ara èèyàn sára sẹ́ẹ̀lì eku yìí. Nítorí náà, bí nǹkan kan bá gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé tó sì ba sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́, ojú wa á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rọmọlápá. Kí ọdún 1949 tó dé, ara ọ̀bọ ni wọ́n ti ń wá àrùn yìí. Ní ọdún náà ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Enders, Weller àti Robbins, ní Boston, fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì náà lè dàgbà nínú ìgò, lára sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe ti ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1954. Láìsí iṣẹ́ wọn, kò ní sí àjẹsára tí a ń kán sẹ́nu ọmọ lónìí.

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì tó jí pépé máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á fara kan ara wọn, kò ní sí àlàfo láàárín wọn. Bí rọmọlápá bá wọ̀ wọ́n, bí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Wọ́n á di róbótó, wọ́n á máa dán, wọ́n á sì tú kúrò lára ìgò, wọ́n á máa léfòó. Àmọ́ májèlé inú ìgbẹ́ náà lè pa sẹ́ẹ̀lì, òun sì sábà máa ń pa wọ́n lọ́jọ́ kìíní gan-an. Ibí yìí ni ọjọ́ orí lẹ́nu iṣẹ́ ti ń wúlò. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á pariwo pé òun ti rí i, àgbà á ní kó tún un ṣe. Ọjọ́ márùn-ún ni a fi ń wò ó lójoojúmọ́. Bí a kò bá rí nǹkan, a ó gbé e lọ sórí sẹ́ẹ̀lì tuntun fún ọjọ́ márùn-ún mìíràn. Ẹ̀yìn èyí la tó lè kọ ọ́ pé a kò rí i.

Ṣé ó ti tó? Kò tíì tó. Ẹni tó sọ pé òun kò rí nǹkan gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a mọ̀ pé ojú òun ríran. Oríṣiríṣi fáírọ́ọ̀sì ló ń gbé inú ìfun ọmọdé, tí wọ́n jẹ́ ìbátan rọmọlápá, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbẹ́ tó bá wọlé, ó yẹ kí a rí wọn nínú bíi mẹ́wàá. Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí a kò rí wọn, ẹ̀rù ló yẹ kó bà wá. Ó lè jẹ́ pé ìgbẹ́ ti gbóná lójú ọ̀nà kó tó dé, ó sì lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì wa ti gbó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń da sẹ́ẹ̀lì nù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí a ó sì jí òmíràn dìde. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń fi ìgò àdánwò ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún láìsọ ohun tó wà nínú wọn. Yàrá àyẹ̀wò tó bá kùnà kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ó wù mí kí ẹ rántí orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyewale Tomori níbí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìbàdàn ni, òun ló sì jẹ́ onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì fún Àjọ Ìlera Àgbáyé nílẹ̀ Áfíríkà láti 1994 títí di 2004. Lásìkò rẹ̀ ni wọ́n so àwọn yàrá àyẹ̀wò rọmọlápá pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, 16 ni wọ́n, tí gbogbo wọn sì ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ẹni tó kán oògùn sẹ́nu ọmọ wọn. Ìwọ̀nba ló mọ ẹni tó jẹ́ kí a mọ ibi tó yẹ kí oògùn náà lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìpínlẹ̀ Borno, kí ẹ rí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ìgbẹ́ kò bá dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò lára orílẹ̀-èdè tí rọmọlápá ti fìdí múlẹ̀. Inú wa dùn, a jó. Nígbà tó di ọdún 2016, ọmọ mẹ́rin ní Borno ni a tún rí àrùn náà lára wọn. Wọ́n ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Apá kan wà nínú àbùdá yìí tó ń yí padà ní bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nítorí náà ó ṣeé ṣírò bó ti pẹ́ tó tó ti ń rìn. Fáírọ́ọ̀sì tí a rí kẹ́yìn ní Borno lọ́dún 2011 ló bá tan jù lọ. Odidi ọdún márùn-ún ló fi ń ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀! Kì í ṣe pé sẹ́ẹ̀lì purọ́. Ogun Boko Haram ti gba abúlé wọn, kò sí ẹni tó lè wọlé lọ gba ìgbẹ́. Ọmọ tí a kò yẹ̀ wò ni a ń pè ní ọmọ tí kò ní àrùn. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, èyí ló dùn mí wọra jù.

Lẹ́yìn ọdún 2016 yẹn, a kò tún rí rọmọlápá àtilẹ̀wá mọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní gbogbo agbègbè Áfíríkà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń bójú tó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tán. Níbi tí àwọn ọmọ tó gba àjẹsára kò bá ti pọ̀ tó, fáírọ́ọ̀sì aláìlágbára tó wà nínú oògùn kíkán lè máa ti ara ọmọ dé ara ọmọ fún ìgbà pípẹ́, títí yóò fi tún lágbára láti rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹ má tìtorí èyí sá fún àjẹsára. Àwọn ọmọ tí kò gbà á ni wọ́n ṣí àyè sílẹ̀ fún un. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ lo àjẹsára tuntun fún oríṣi kejì fáírọ́ọ̀sì rọmọlápá, ní oṣù kẹta ọdún 2021, èyí tí wọ́n tún ṣe kó má tètè yí padà.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sáré lánàá bá rọ lónìí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ lẹ kọ́kọ́ dé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìlera. Bí òṣìṣẹ́ náà bá sì padà wá lọ́jọ́ kejì tó ní ìgbẹ́ kejì lòun ń fẹ́, ẹ má bínú sí i, ẹ fún un. Ẹ̀yin ìjọba, owó òkèèrè tó ń ra dísẹ̀lì sínú jẹnẹrétọ̀ wa, tó ń ra yìnyín àti sẹ́ẹ̀lì, kò lè wà títí láé. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìwé ìnáwó tiwa, kí ẹ sì san owó àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó ti máíkírósíkóòpù lásìkò, kí wọ́n lè dúró kí wọ́n sì dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ náà.