Ọ̀wẹ̀ Ò Tó: Òkìtì Tòmátì Tó Jẹrà Ní Kétu

Kò sí àlejò lónìí, èmi nìkan ni mo jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan èmi fúnra mi, ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tí ojú ṣì ń tì mí láti sọ. Ọ̀rọ̀ òkìtì tòmátì tó jẹrà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Kétu, ẹ mọ̀ pé imú èèyàn ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún un pé ó ti súnmọ́ Mile 12, kí ojú tó rí i. Òru ni ọkọ̀ àjàgbé ń ti Òkè Ọya dé, tòmátì àti ata wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tò léra wọn. Ọ̀nà jìn, ooru mú, àwọn apẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ á ti fọ́ kí wọ́n tó dé ọjà. Èyí tí kò bá ṣe é tà, ẹ̀gbẹ́ títì ló ń lọ, tàbí inú gọ́tà. Tí ọkọ̀ PSP bá wá kó o, ó di Olúṣòsun ní Òjótà, níbi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí Èkó sí láti 1992. Ẹ rántí iná tó sọ níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2018? Ẹ rántí èéfín yẹn? Ohun tó ń dùn mí ni pé èyí tó pọ̀ nínú ẹrù tí à ń gbé lọ da síbẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ilẹ̀, a wá ń sin ín pọ̀ mọ́ ọ̀rá àti gíláàsì.

Ní 1978, àwọn ará Ọsirélíà méjì, Bill Mollison àti David Holmgren, gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Permaculture One. Orúkọ yẹn le lẹ́nu, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò le: kí èèyàn ṣètò ilé àti oko bí igbó ṣe ń ṣètò ara rẹ̀, kí ìdọ̀tí ohun kan di oúnjẹ ohun mìíràn. Ìyá ìyá mi ń da eérú àti èèpo iṣu sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kò sì ka ìwé kankan. Tí ẹ bá fẹ́ rí i níbi tó ti gbòòrò, ẹ kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀, ẹ dé Songhai ní Àjàṣẹ́, tí àlùfáà Àgùdà kan, Godfrey Nzamujo, dá sílẹ̀ ní 1985. Níbẹ̀, wọ́n ń fi ìdọ̀tí sin ìdin, ìdin ń bọ́ ẹja, omi ẹja ń lọ sídìí ẹ̀fọ́, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Kódà nílé wa níbí, wọ́n ti fi ìdọ̀tí èso ọjà Ìkòsí ṣe gáàsì tó ń tan iná.

Téèyàn bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, á rò pé ọgbọ́n ẹ̀rọ ló ṣòro. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Àwa bí ogójì la kó ara wa jọ ní àdúgbò wa. Bàbá onílé kan yá wa ní ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. A dá owó, a ṣe fáníìlà aláwọ̀ ewé, a sì mú Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ọjọ́ yẹn ti mọ́ wa lára. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí bí àwọn ológun ṣe gbé e dé ní 1984: láàárín aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, oníkálùkù gbọ́dọ̀ gbá iwájú ilé rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá rí lójú títì ti dáràn. Oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni Èkó tó fagi lé òfin ká-má-rìn náà. Ẹ̀rù lọ, ṣùgbọ́n àṣà yẹn ṣẹ́ kù sí wa lára: ọjọ́ kan lóṣù, ariwo, ìgbálẹ̀, ká tún wọlé lọ sùn.

Sátidé àkọ́kọ́ dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́. Àwọn ọmọkùnrin fi bárò kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́rìnlá tó ti jẹrà wá láti ọjà, a dà á kalẹ̀, a ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì, a túká.

Tòmátì, omi ni. Tẹ́ ẹ bá dà á jọ lóun nìkan, kò ní di ajílẹ̀, ńṣe ló máa kan. Apẹ̀rẹ̀ tútù kan fẹ́ apẹ̀rẹ̀ gbígbẹ méjì sí mẹ́ta: ewé gbígbẹ, páálí tí a fà ya, lẹ́búlẹ́bú igi láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣọ́bìrì yí i kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Òkìtì tó bá ń ṣe dáadáa máa ń gbóná nínú débi pé ọwọ́ ò lè dúró níbẹ̀, ooru yẹn ló ń pa ìdin àti kòkòrò àìsàn. Èyí tó bá tutù tó sì ń rùn, afẹ́fẹ́ ò dé inú ẹ̀ nìyẹn. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Mo ti kà á, mo tiẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó yẹ kí n wà nídìí rẹ̀, Ìbàdàn ni mo wà, níbi ìgbéyàwó.

Ìyá kan ń ta mọ́ínmọ́ín lójúde tó kọjú sí ilẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo fi máa dé, omi pupa ti ṣàn dé ẹsẹ̀ tábìlì wọn, eṣinṣin bo gbogbo ibẹ̀. Ìyá náà ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ ń tún àdúgbò wa ṣe. Wá bá mi jẹ mọ́ínmọ́ín tí mo sè láàárọ̀, torí kò sẹ́ni tó rà á."

Mo jẹ ẹ́. Kò sí ohun tí mo lè sọ. Mo pe àwọn ogójì tó wọ fáníìlà, èèyàn mẹ́ta ló wá. Odindi ọjọ́ méjì la fi ń kó lẹ́búlẹ́bú igi pò mọ́ ọn kó tó dẹ́kun rírùn. Kò pẹ́ sígbà náà ni onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kò ṣẹ̀ wá, ilẹ̀ rẹ̀ ni.

Bàbá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, tí wọ́n ti ṣe àgbẹ̀ rí kí wọ́n tó wá sí Èkó, ló là wá lójú. Wọ́n ní, "Ọ̀wẹ̀ lẹ bẹ̀. Àáró niṣẹ́ yìí ń fẹ́." Ọ̀wẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹni kan ní iṣẹ́ ńlá, bíi ká bo ilé, ó pe ọ̀pọ̀ èèyàn, ó fún wọn lóúnjẹ, iṣẹ́ parí lọ́jọ́ náà. Àáró yàtọ̀. Àwọn díẹ̀ ni, oko tèmi lónìí, oko tìẹ lọ́tùn-únla, títí á fi kárí, ẹni tí wọ́n bá sì ti ṣe tirẹ̀ fún jẹ gbèsè ọjọ́ kan. Ilé lẹ lè bo lọ́jọ́ kan. Òkìtì ajílẹ̀ kì í parí lọ́jọ́ kan, ó dà bí ọmọ ọwọ́.

Ilé mẹ́fà la fi tún un bẹ̀rẹ̀. A ò wá ilẹ̀ kiri mọ́, a lu ihò sára dúrọ́ọ̀mù, a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìnkùlé oníkálùkù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, wákàtí kan péré. Ọ̀dọ̀ ìyá mọ́ínmọ́ín la ti kọ́kọ́ ṣe é. Ṣé ẹ mọ̀ pé èèpo ẹ̀wà wọn àti ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ọn dára fún ajílẹ̀ ju ohunkóhun tí a rà lọ? Inú àpò ìrẹsì la gbin ẹ̀fọ́ ugwu àti ewédú wọn sí, a gbé àpò náà lé búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀yin ará Àgbóyì àti Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí omi ìdídò Ọ̀yán àti odò Ògùn kún bò yín ní 2010, ohun tó wà nílẹ̀ kò ṣẹ́ kù. Àkíyèsí kan: ẹ má kó ohun tó bá ti wọ gọ́tà sínú dúrọ́ọ̀mù yín. Ọ̀rá, bátìrì àti epo ẹ́ńjìnnì ti wà nínú ẹ̀.

Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà sọ pé òun ò ṣe mọ́. Ó ti wá sílé gbogbo wa. Nígbà tó kan tiẹ̀, òjò rọ̀, èmi àti ẹnì kan ṣoṣo la yọjú, a ò sì pẹ́. Inú bí i, ó sì yẹ kó bí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ilé rẹ̀ la ń lọ, bó tilẹ̀ lóun ò ṣe mọ́. Gbèsè ọjọ́ kan la jẹ ẹ́. Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀, ó ti kó àpò lẹ́búlẹ́bú igi méjì sílẹ̀ dè wá. Aago méje àárọ̀ ni, kí oòrùn tó mú. Ó dìgbà kan ná o.