Ẹ Ka Ara Páálí Kí Ẹ Tó Ra Ọta

  Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ti ọdẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, bí wọ́n ṣe ń yan ọta ìbọn àti aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí igbó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún, òmíràn nínú wọn a sì máa bá àwọn ará àdúgbò rẹ̀ lọ pa àgbọ̀nrín. Bí ó bá dé ṣọ́ọ̀bù ọdẹ níbẹ̀, orúkọ kan wà tí kò ní ṣàì rí: Winchester. Á rí i lára páálí ọta, á rí i lára ìbọn, á tún rí i lára àpótí irin tí wọ́n ń ti ìbọn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ti ilé ná. Ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà, òun fúnra rẹ̀ ló ń wọn ẹ̀tù ìbọn rẹ̀. Ó ń rọ ọ́ sí ẹnu ìbọn, ó ń fi ọ̀pá kì í, ó ń kó ọta lé e. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, bí ó bá kéré jù, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ọta inú páálí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ti wọn ẹ̀tù náà ní ilé iṣẹ́, ó ti kó o sínú ọta, ó sì ti dé e pa. Ẹni tó rà á kò lè rí inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára nìkan ni ó lè fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni ọ̀rọ̀ yìí?

Ta ni ń jẹ́ Winchester? Oliver Winchester ni, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ṣẹ́ẹ̀tì tà kí ó tó fi owó rẹ̀ sí iṣẹ́ ìbọn. Ní 1866 ni ilé iṣẹ́ náà gba orúkọ rẹ̀, ìlú New Haven ní ìpínlẹ̀ Connecticut ni ó sì ti gbilẹ̀. Ìbọn wọn ti 1873 ló sọ wọ́n di olókìkí. Ọta púpọ̀ ń wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ọdẹ bá sì ti fi ọwọ́ fa irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn ti bọ́ sí àyè. Ṣùgbọ́n gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní 1931, ilé iṣẹ́ ọta kan tó ń jẹ́ Western Cartridge Company, ti ìdílé Olin, rà wọ́n. Ilé iṣẹ́ Olin yìí ló ń ṣe ọta Winchester títí di òní. Ìbọn, ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ ìbọn ti New Haven pa ní 2006, àwọn ẹlòmíràn tó gba àṣẹ láti lo orúkọ náà ló ń ṣe ìbọn Winchester nísinsìnyí. Àpótí irin náà, ọwọ́ àwọn mìíràn ló ti ń wá.

Nítorí náà, orúkọ kan ni, ọwọ́ púpọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwa kò kẹ́gàn orúkọ àtijọ́ o. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe ọta fún ohun tó ju 150 ọdún lọ, ó yẹ kí ó ti mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò lè sọ fún ọdẹ bóyá ọta tó dì mú bá ìbọn rẹ̀ mu. Nọ́ńbà ló ń sọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí á mú ṣọ́tigọ́ọ̀nù, ìbọn tó ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́ jáde. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ títóbi ihò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní gééjì. 12 wà, 16 wà, 20 wà, 28 náà wà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní 20 ló tóbi ju 12 lọ. Rárá o! Láyé àtijọ́, wọ́n á mú òjé tó wọn pọ́n-ùn kan, wọ́n á pín in sí ọ̀nà 12 ọgbọọgba, wọ́n á sì rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní róbótó. Ìbọn tí róbótó bẹ́ẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá rẹ́gí, ìbọn 12 nìyẹn. Bí wọ́n bá pín òjé kan náà sí ọ̀nà 20, róbótó kọ̀ọ̀kan á kéré, ihò ìbọn náà á sì kéré. Bí a bá pín ẹran ẹtu kan fún ènìyàn 12, tí a tún pín òmíràn fún ènìyàn 20, àwọn wo ni ègé tiwọn tóbi jù? Bí gééjì ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ewu wà níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí dáadáa. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì fi ọta 20 sínú ìbọn 12, kò ní dúró ní ìdí ìbọn níbi tó yẹ. Yóò yọ́ lọ síwájú nínú ọ̀pá ìbọn, yóò sì há síbẹ̀. Ọdẹ á fa ìbọn, kò ní dún. Á ṣí i wò, á rí i pé ihò rẹ̀ ṣófo. Á ní, "Àṣé n kò tíì fi ọta sí i!" Á mú ọta 12 kan, á fi sí i, ọta náà á sì wọlé geere, nítorí èkíní ti sún síwájú. Ó di ìgbà tó bá yìn ín. Èyí tó wà lẹ́yìn á lọ kọ lu èyí tó há sí ọ̀nà, ọ̀pá irin náà á sì bẹ́. Ibi tó ti sábà máa ń bẹ́ kò jìnnà sí ibi tí ọdẹ fi ọwọ́ kejì di ìbọn mú. Ìka ni ó ń gé lọ. Ó lè gba ojú pẹ̀lú, ó sì lè pa ènìyàn.

Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe ọta ní Amẹ́ríkà fi ń fi àwọ̀ yẹ́lò sí ọta 20 lára, kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Ọta 12 ti Winchester sábà máa ń jẹ́ pupa. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan. Nínú òkùnkùn ìdájí, ta ló ń rí pupa? Kí ó wo idẹ tó wà ní ìdí ọta, nọ́ńbà wà níbẹ̀. Kí ó wo ara ọ̀pá ìbọn, nọ́ńbà wà níbẹ̀ náà. Àfi kí méjèèjì bára mu. Bí bàbá bá mú ìbọn 12, tí ọmọ sì mú 20, kí wọ́n má ṣe kó ọta wọn sínú àpò kan náà láé. Irú ibẹ̀ yẹn ni èèṣì ti máa ń ṣẹlẹ̀. Bí ìbọn bá sì kọ̀ tí kò dún, kí ọdẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó dúró díẹ̀, nítorí òmíràn a máa pẹ́ kí ó tó dún. Lẹ́yìn náà ni yóò tú ọta kúrò, yóò sì wo inú ọ̀pá láti ìdí títí dé ẹnu bóyá ó mọ́lẹ̀ gbòò, kí ó tó fi òmíràn sí i.

Nọ́ńbà kejì ni gígùn. Ọta 12 kan lè gùn ní ínǹṣì 2¾, òmíràn ínǹṣì 3, òmíràn ínǹṣì 3½. Ẹnìkan á sọ pé, "Ṣebí ó wọlé?" Lóòótọ́ ni, ọta ínǹṣì 3 lè wọ ìbọn tí wọ́n ṣe fún 2¾. Ẹnu ọta náà ni wọ́n ká sínú tí ó fi wọlé. Ìgbà tó bá yìn tán tí ẹnu rẹ̀ là ni gígùn rẹ̀ ń pé ínǹṣì 3. Bí kò bá sí àyè tí ẹnu náà yóò là sí, agbára ẹ̀tù á ká mọ́ inú ìbọn, á sì ju ohun tí irin náà lè gbà lọ. Ara ọ̀pá ìbọn ni wọ́n máa ń kọ gígùn tó gbà sí. Bí ẹnìkan bá sì jogún ìbọn àtijọ́ tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀, kí ó gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn kí ó tó ra ọta kankan.

Nọ́ńbà kẹta ni ti ọta wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ náà, nọ́ńbà kékeré ni ọta ńlá. Ọgbọ́n kan wà fún un: ẹ mú 17, ẹ yọ nọ́ńbà náà kúrò. Ohun tó bá kù ni ìbú ọta kan, bí a bá pín ínǹṣì kan sí ọ̀nà 100. Nọ́ńbà 6 kù 11. Nọ́ńbà 4 kù 13. Nọ́ńbà 8 kù 9. Fún ẹyẹ kéékèèké bí àdàbà, wọ́n ń lo 8. Fún ọ̀kẹ́rẹ́ àti ehoro, 6. Fún tòlótòló ìgbẹ́, láti 4 dé 6. Ọta nọ́ńbà 8 kò yẹ àgbọ̀nrín. Yóò ṣe é léṣe, ẹran náà yóò sá lọ kú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Àwọn tó ń pa àgbọ̀nrín sábà ń lo ráífù, nọ́ńbà tirẹ̀ sì tún ń dani láàmú. .30-30 Winchester jáde ní 1895, .308 Winchester ní 1952, .300 Winchester Magnum ní 1963. Bí ẹ bá wọn ìbú orí ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọgbọọgba ni. Síbẹ̀, gígùn wọn yàtọ̀, ẹ̀tù inú wọn yàtọ̀, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ wọ ìbọn èkejì. Orúkọ Winchester wà lára gbogbo wọn! Ẹni tó bá lọ sọ ní ṣọ́ọ̀bù pé "Ẹ fún mi ní ọta Winchester," kò tíì sọ nǹkan kan.

Òjé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ inú odò máa ń gbé ọta tó bọ́ sínú omi mì, wọ́n ṣèèṣì rò pé òkúta wẹ́wẹ́ ni, májèlé òjé á sì pa wọ́n. Láti 1991, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọta òjé yin pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ níbikíbi ní Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ California, láti 2019, kò sí ẹran tí wọ́n lè fi ọta òjé pa mọ́. Ọta irin ni ọ̀pọ̀ ń lò dípò rẹ̀. Irin fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ẹni tó ń lo òjé nọ́ńbà 4 a bọ́ sí irin nọ́ńbà 2. Irin le pẹ̀lú, ó sì lè ba ìbọn àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ fún jẹ́. Kí ọdẹ wá ọ̀rọ̀ irin àti òjé lára páálí kí ó tó sanwó.

A fẹ́ bá àwọn ará ilé sọ ohun kan níhìn-ín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ọta inú páálí kí ó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sí ṣakabùlà. Ẹ̀tù dúdú tí ṣakabùlà mọ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀tù aláìléèéfín ni, agbára rẹ̀ sì ju ti dúdú lọ púpọ̀. Ìwọ̀n tí ọwọ́ mọ̀ fún ẹ̀tù dúdú, bí a bá wọn ẹ̀tù yìí bẹ́ẹ̀, ìbọn náà lè fọ́ mọ́ni lójú.

Ó ku aṣọ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin ni pé kí ọdẹ àgbọ̀nrín wọ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yanran, kí ọdẹ mìíràn má baà pè é ní ẹran. Àgbọ̀nrín kò ní torí rẹ̀ sá, nítorí ojú rẹ̀ kì í mọ àwọ̀ ọsàn yàtọ̀ sí ewé. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn aṣọ òwú, ṣùgbọ́n nígbà òtútù wọn, òwú tó bá ti tutù kì í tètè gbẹ, a sì máa gba ooru ara ènìyàn. Irun àgùntàn dára jù ú lọ. Bàtà ńkọ́? Kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ nípọnnípọn tí yóò fi lọ sí igbó, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sínú bàtà ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ tó wà lára bàtà kì í rin ìrìn fúnni.

Bí tiwa ṣe ń gun ègùn lórí igi, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, jíjábọ́ láti orí igi sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń ṣe àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín léṣe. Bí owó kò bá tó ra aṣọ olórúkọ àti okùn tí wọ́n fi ń so ara mọ́ igi pọ̀, okùn ni kí wọ́n rà. Kí wọ́n so ó mọ́ ara kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, kí wọ́n má sì gbé ìbọn tó ní ọta nínú gun igi. Kí wọ́n kọ́kọ́ gòkè, kí wọ́n wá fi okùn fa ìbọn náà tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ tún bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ ọdẹ ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n wà, nítorí òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú, òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kò gbà kí ó ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́ rárá. Bí wọ́n bá sì ń bọ̀ wá kí wa nílé, kí wọ́n yẹ gbogbo àpò aṣọ ọdẹ wò kí wọ́n tó dì í sínú àpótí. Láti 1959 ni òfin ìbọn ti wà ní Nàìjíríà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ọta lọ́wọ́ láìní ìwé àṣẹ, ọta kan ṣoṣo tí ènìyàn gbàgbé sí ìsàlẹ̀ àpò sì ti tó láti dá a dúró ní pápákọ̀ òfuurufú.