Òpó àti Páìpù Ló Ń Dá Iṣẹ́ Dúró

Ká ní wọ́n fẹ́ ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń gun básíkùlù ní Ring Road n'Ìbàdàn, ibo ló máa gbà? Ẹ̀gbẹ́ títì ni. Ẹ̀gbẹ́ títì yẹn náà ni òpó iná wà. Abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ sì ni páìpù omi ń gbà. Òpó àti páìpù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò.

Kọngílá ò lè dá òpó hú. Ó dọwọ́ IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná. Ti páìpù dọwọ́ iléeṣẹ́ omi. Bí ẹnì kan bá pẹ́, gbogbo iṣẹ́ dúró. Bí kọngílá bá sì kánjú da ọ̀dà kí òpó àti páìpù tó kúrò, wọ́n á tún padà wá gbẹ́ títì náà.

Mo tún un sọ: òpó àti páìpù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò. Ó ń dùn mí, torí oníbásíkùlù ló ń bá takisí Micra du títì lójoojúmọ́. Ó yẹ kí IBEDC, iléeṣẹ́ omi àti kọngílá ti jọ jókòó kí katakata tó dé.