Ohun tí Ayàwòrán Mú Bọ̀ láti Àjò



Bí a bá ń gba Sángo-Ọ̀tà kọjá, ilé iṣẹ́ ni a ń rí lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú wọn ni ó ti òkè òkun wá. Ìbéèrè mi ni èyí: bí ẹ̀rọ bá di ògbólógbòó, kí ni yóò kù sí wa lọ́wọ́? Iṣẹ́ Túndé Kèlání, tí ó dàgbà ní Abẹ́òkúta ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ni n ó fi dáhùn.

Ní 1970 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà ní WNTV. Lẹ́yìn náà ni ó kẹ́kọ̀ọ́ sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ya ìròyìn fún BBC àti Reuters. Ó dé Etiópíà, ó sì dé Zimbabwe nígbà òmìnira wọn ní 1980.

Nígbà náà, òkè òkun ni a ń fi fíìmù ránṣẹ́ sí fún fífọ̀. Ọjọ́ púpọ̀ lè kọjá kí ayàwòrán tó mọ̀ bóyá òkùnkùn ni ó yà. Nítorí náà, dandan ni kí ó mọ ìmọ́lẹ̀ wọ̀n dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ láti 1986, owó fíìmù kọjá agbára wa. Kèlání dá Mainframe sílẹ̀. Fídíò ni ó fi ṣe Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993 àti Ṣaworoidẹ ní 1999. Ẹ̀rọ ti yí padà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó ti kọ́ kò di àpatì.

Ní tèmi, ìmọ̀ yìí ni ẹrù tí ó tóbi jù tí ó gbé bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, kí wọn má mọ bọ́tìnnì títẹ̀ nìkan.