Àwọn Àfonífojì Swítsàlandì Tí Àlejò Kì í Sábà Dé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Jos)

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn àjò afẹ́. Kò burú. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ní ọmọ ní Jámánì, ní Faransé tàbí ní Ítálì báyìí, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ pè wá pé kí a wá bá wọn gbọ́mọ. A ó lọ, a ó jókòó sínú ilé fún oṣù méjì, a ó gbé ọmọ-ọmọ jó, a ó sì padà sí Jos láìrí nǹkan kan ju ohun tí ojú fèrèsé fi hàn wá lọ.

Swítsàlandì kò jìnnà sí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, báǹkì ni ẹlòmíràn ń rántí. Ẹni tí ó bá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á dárúkọ Zermatt tàbí Interlaken. Ibẹ̀ dára, n kò sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀, owó tí wọ́n sì ń gbà ń dun ni. Ìhà gúúsù ni kí ẹ kọjú sí, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Ítálì. Àwọn ará ibẹ̀ ti fi ìgbà kan rí jẹ́ ọmọ àjò bíi tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Poschiavo. Ọkọ̀ ojú irin pupa kan máa ń gbéra ní Tirano, ní ilẹ̀ Ítálì, létí ibodè, ó ń lọ sí St. Moritz. Láàárín 1908 sí 1910 ni wọ́n ṣí ojú irin náà. Ní Brusio, ọkọ̀ á gba abẹ́ afárá olókùúta kan, á yí po bí ejò, á sì gun orí afárá kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gòkè títí yóò fi dé 2,253 mítà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọn á ya fọ́tò, ó parí. Ẹ̀yin, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Poschiavo. Ìlú náà fi nǹkan bí 1,000 mítà ga ju òkun lọ. Jos tiwa yìí ga jù ú lọ! Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí ilé ńláńlá aláwọ̀ mèremère tò sí. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n lọ ṣe àkàrà òyìnbó tà ní Spéènì àti ní ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n kó owó wálé láti kọ́ wọn láyé àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Jos, tí ẹ ń kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, ẹ ó mọ ilé wọ̀nyẹn bí ẹ bá rí wọn.

Láti Locarno, bọ́ọ̀sì ń gòkè lọ sí àfonífojì Verzasca. Omi odò náà mọ́ gaara, ó tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé. Ní Lavertezzo, afárá àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi òkúta kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn àtimáa bẹ́ sínú omi láti orí rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n má dán an wò, nítorí omi náà ti pa ènìyàn. Ibi tí ó rẹwà báyìí kò lè bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà kan. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òbí a máa fi ọmọkùnrin kéékèèké ránṣẹ́ sí Milan nígbà òtútù, kí wọ́n lọ máa gun inú ihò èéfín ilé olówó láti ha dúdú rẹ̀. Àwọn àgbà gba Kalifọ́níà àti Ọsirélíà lọ.

Bavona kò jìnnà síbẹ̀. Ní Foroglio, omi ń já láti orí àpáta tí ó ga tó nǹkan bí 110 mítà, ẹ̀yìn abúlé gan-an ni ó ń já sí. Àwọn abúlé ibẹ̀ kò sí lórí wáyà iná, àfi San Carlo nìkan, bẹ́ẹ̀ orí òkè wọn náà ni wọ́n ti ń fi omi ṣe iná mànàmáná. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní òru ọjọ́ 29 sí 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024, àgbàrá òjò kọlu Bavona, òkúta ya lulẹ̀, ènìyàn sì kú. Kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí.

Èyí ni ó mú mi dé Blatten, ní àfonífojì Lötschental, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń gbé ìbòjú onígi wọ̀ pẹ̀lú awọ ẹran onírun ní oṣù Kejì, wọ́n á máa lé ènìyàn kiri. Ẹni tí ó bá rí i á rántí egúngún. Abúlé náà wà nínú ìwé àwọn arìnrìn-àjò tí ẹ ó rí rà, ṣùgbọ́n kò sí nílẹ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àpáta tí ó ti ń ya lu yìnyín ńlá tí ó wà lókè mú kí gbogbo rẹ̀ ya wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú abúlé, ó dí odò, omi sì mu àwọn ilé tí ó kù. Àwọn tí ń ṣọ́ òkè ti rí i tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 19 ni wọ́n ti kó nǹkan bí 300 ènìyàn jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kú. Àwa tí a wà ní Jos ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 mọ bí ó ti rí kí ènìyàn jáde nílé láìmọ̀ bóyá yóò padà. Ooru ayé tí ń pọ̀ sí i ń yọ́ yìnyín tí ó so àpáta pọ̀ káàkiri òkè Alps. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ọ̀nà kan ti di títì, ẹ má wọ̀ ọ́. Wiler àti Kippel ṣì wà nísàlẹ̀ àfonífojì kan náà, àwọn ará Blatten sì ti ní àwọn yóò tún abúlé àwọn kọ́.

Ní ti ìwé ìrìnnà, Swítsàlandì ti wà nínú Schengen láti 2008. Físà náà kò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ìtọ́jú àìsàn tí kò dín ní 30,000 yúrò. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni ó dára jù láti lọ. Bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Fráǹkì ni owó wọn. Ẹ gbé oúnjẹ dání láti ilé àwọn ọmọ yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ láti Milan lọ sí Tirano, kí ó rí mi lẹ́yìn ìpàdé.